Ajá Kọkéṣíàn nínú ilé tó ní ọmọdé: ìbéèrè Ìyá Ìbejì láti Ìbàdàn

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ní oṣù tó kọjá ni bàbá ìbejì ra ọmọ ajá Kọkéṣíàn kan wálé. Akọ ni, ó sì ti pé oṣù 3 báyìí. Ọmọ ọdún 6 ni àwọn ìbejì, wọn kò sì fẹ́ kí ó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bàbá wọn ní kí a máa fi ṣéènì so ó sí ẹ̀yìnkùlé kí ó lè rorò. Èmi fẹ́ kí ó di ará ilé. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n máa ń wá kí wa dáadáa, ní irú ajá báyìí yóò ṣe ọmọ léṣe lọ́jọ́ kan. Ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀ nínú wa?

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ tiyín ló sún mọ́ òótọ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń ba ìyá ọkọ yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán.

Ajá tí ojú wa mọ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá ni ajá ọdẹ, tó ń gbọ́ fèrè ọdẹ, tó sì ń lọ síbi tí olówó rẹ̀ bá rán an. Ìran ajá tiyín yàtọ̀. Lórí àwọn òkè Caucasus, láàárín Òkun Dúdú àti Òkun Káspíà, níbi tí Jọ́jíà, Àméníà àti Azerbaijan wà lónìí, ni àwọn darandaran ti ń fi irú rẹ̀ ṣọ́ agbo àgùtàn lọ́wọ́ ìkookò àti béárì. Nígbà tí darandaran bá ti sùn, ajá yìí nìkan ló ń pinnu ohun tó jẹ́ ewu àti ohun tí kì í ṣe ewu. Kò sí ẹni tó ń súfèé sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá pè é, yóò gbọ́, yóò bojú wò yín, yóò sì kọ́kọ́ rò ó wò ná. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn.

Láti kékeré ni wọ́n ti máa ń tọ́ ọ pọ̀ mọ́ àgùtàn, ohun tó bá sì bá dàgbà ló ń kà sí agbo rẹ̀. Nínú ilé yín, àwọn ìbejì ni agbo náà. Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi wà lára àwọn ọ̀rẹ́ tó ń wá bá wọn ṣeré ju àwọn fúnra wọn lọ. Mo lọ fún ajá kan lábẹ́rẹ́ nílé oníbàárà mi nígbà kan. Ọmọbìnrin ilé náà àti ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ń du bọ́ọ̀lù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ariwo. Ajá náà dìde lábẹ́ igi máńgòrò, kò gbó rárá, ó wọ àárín wọn, ó sì fi ìhà ti ọmọ àlejò náà mọ́ ògiri títí ó fi ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ajá náà ti dá ẹjọ́ tí kò sí ẹni tó gbé e wá fún un. Bí àlejò bá ń bọ̀, kí ajá ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tirẹ̀ kí wọ́n tó ṣí géètì. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ìbejì máa fi okùn mú un jáde: àgbà akọ irú rẹ̀ sábà máa ń wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ, ìyẹn kílò 50.

Ní ti ṣéènì, ẹ bá mi bẹ bàbá ìbejì. Ajá tí a so mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kì í di olùṣọ́. Ìpayà ni yóò kọ́, yóò sì máa ka ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọn sí ọ̀tá. Ìṣọ́ wà lára rẹ̀, yóò hàn fúnra rẹ̀ bí ó bá ń sún mọ́ ọdún 2. Ohun tó kù díẹ̀ kí ó bọ́ lọ́wọ́ yín ni àkókò tí ó ṣì ń mọ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí ó rí ọlọ́kadà, ẹni tó ń ka mítà iná, obìnrin tó wọ híjáàbù, kí ó gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Kí ìyá ọkọ yín náà máa fi ọwọ́ ara wọn fún un lóúnjẹ.

Ooru ni ìṣòro tí ẹ kò bi mí. Irun rẹ̀ ní ìpele méjì, òjò dídì ni a sì dá a fún, bẹ́ẹ̀ ni ajá kì í làágùn bíi tiwa. Wọ́n gbé ọ̀kan wá bá mi lọ́sàn-án oṣù Kẹta láti inú búùtù ọkọ̀: ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ahọ́n rẹ̀ ti dúdú, ìgbóná ara rẹ̀ ti kọjá 41, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi 38 sí 39 ló yẹ ajá. Omi ẹ̀rọ la dà sí i níkùn àti nítan, a sì tan fáànù sí i títí di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó lè dìde. Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí tiyín máa rìn. Lọ́sàn-án, kí ó wà lórí táìlì pálọ̀. Ẹ má fá irun rẹ̀ kanlẹ̀, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ya á, kí ẹ sì máa tọwọ́ bọ abẹ́ etí àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ wá eégbọn, nítorí irun yẹn lè bo ogún mọ́lẹ̀. (Ká ní ẹ bi mí kí ẹ tó rà á ni, irú Kangal ti ilẹ̀ Tọ́kì ni mi ì bá sọ: irun rẹ̀ kúrú. Láti 1994 ni àjọ Cheetah Conservation Fund, tó ń dáàbò bo cheetah, ẹranko ẹhànnà tó jọ àmọ̀tẹ́kùn, ti ń fún àwọn àgbẹ̀ Nàmíbíà ní irú ajá ilẹ̀ Tọ́kì bẹ́ẹ̀ láti ṣọ́ ewúrẹ́ wọn.)

Ẹ má fún un ní oúnjẹ àjẹyó tàbí oògùn kálísíọ́mù kí ó lè tètè ga. Oríkèé rẹ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ẹ pín oúnjẹ rẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí ó má sì sáré lẹ́yìn rẹ̀, torí ikùn irú ajá ńlá bẹ́ẹ̀ lè lọ́.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ ti tó gbà ní oṣù 3 yìí, ọdọọdún ni ẹ ó sì máa tún un gbà. Kí bàbá ìbejì fúnra wọn gbé e lọ, kí wọ́n sì dì í mú lórí tábìlì nígbà tí dókítà bá ń gún un.