Má tíì pè é ní electromagnon

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní o ń gbé òkúta TbMnO3 rẹ, tí a fi terbium (Tb), manganese àti ọ́síjìn dá, lọ sínú òòfà tesla 10 ní Jámánì lóṣù tó ń bọ̀, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ìmọ́lẹ̀ terahertz (THz), tí ojú kì í rí, bá agbára òòfà rìn lọ́nà kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Faraday, tàbí kó gba ìbú rẹ̀ kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní Voigt. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n o fi kún un pé nínú òòfà tesla 5 ti ilé ìwé yín, o ti rí ibì kan nítòsí 0.6 THz tí òkúta náà ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ibẹ̀ sì ń sún bí òòfà ti ń le sí i, o sì ti fẹ́ pè é ní electromagnon, ìyẹn ìgbì spin (àwọn òòfà kéékèèké inú átọ́ọ̀mù) tí agbára iná inú ìmọ́lẹ̀ lè mì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló já mi láyà. Ó gba oṣù méje lọ́wọ́ èmi.

Òkúta tèmi nípọn tó ìdajì mìlímítà. Mo ti dán ojú rẹ̀ méjèèjì bíi dígí, wọ́n sì dọ́gba gẹ́lẹ́. Ìdọ́gba yẹn ló pa mí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í kàn kọjá lọ. Á lu ojú ẹ̀yìn, á padà, á tún lu ti iwájú, bí ohùn nínú yàrá tó ṣófo. Refractive index TbMnO3, ìyẹn iye ìgbà tó ń dín ìyára ìmọ́lẹ̀ kù, súnmọ́ 5, nítorí náà gbohùngbohùn àkọ́kọ́ á dé ní nǹkan bíi picosecond 17 (picosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú trillion ìṣẹ́jú àáyá) lẹ́yìn ìgbì gan-an, spectrum rẹ, ìyẹn àwòrán bí ìmọ́lẹ̀ tó kọjá ṣe pọ̀ tó ní frequency kọ̀ọ̀kan, á sì máa gòkè, á máa sọ̀ ní gbogbo 60 GHz (1,000 GHz ni 1 THz). Fèrèsé quartz ara òòfà náà, tó nípọn ní mìlímítà kan, ń sọ gbohùngbohùn tirẹ̀ ní nǹkan bíi picosecond 14. Àwọn méjèèjì wọnú ara wọn, wọ́n sì gbẹ́ kòtò kan síbi tó jìn ju ìyókù lọ, ní 0.6 THz, níbi tí Pimenov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Augsburg ti kéde electromagnon TbMnO3 ní 2006. Ta ni kò ní yọ̀?

Ó sì ń sún lóòótọ́, nítorí pé bí òòfà ti ń le sí i ni refractive index òkúta ń yí díẹ̀díẹ̀, tí kòtò gbohùngbohùn náà sì ń tẹ̀ lé e. Spin tí g rẹ̀ (iye tó ń sọ bí òòfà ṣe ń sún un tó) jẹ́ 2 máa ń sún ní 28 GHz fún tesla kọ̀ọ̀kan. Tèmi kò ju 3 GHz lọ. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún. Kò béèrè bí òkúta ṣe nípọn tó. Ó ní bí kò ṣe tẹ̀ lé òfin magnon lásán, ìgbì spin tí agbára òòfà nìkan ń mì, yẹn gan-an ló fi hàn pé electromagnon ni. Mo gbà á gbọ́, mo sì kọ ogún ojú ìwé lé e lórí. Inú ṣì ń bí mi sí ìdáhùn yẹn.

Lọ́jọ́ kan mo fá òkúta náà láti 0.5 di 0.3 mìlímítà, torí pé mo fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí i kọjá. “Ìwárí” mi kúrò ní ààyè rẹ̀, àwọn kòtò náà sì jìnnà síra wọn ní 100 GHz. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàbù, mo sunkún. Jọ̀ọ́, fá tìrẹ kí o tó lọ. Wọ̀n ọ́n ní nínípọn méjì, tàbí kí o fá a kí ẹ̀gbẹ́ kan tín-ín-rín ju èkejì lọ. Ohun tó bá sún nítorí pé o fá òkúta, kì í ṣe ti spin.

Nitrogen gbígbẹ láti lé oru omi inú afẹ́fẹ́, tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ní 0.557 àti 0.752 THz, mímú òkúta tutù kọjá 28 K, o mọ ìwọ̀nyí.

Má fi gáàmù fàdákà nìkan di òkúta mú. Tb inú rẹ̀ kì í gbà kí òòfà darí òun síbi tí kò wù ú, yóò sì fi agbára yí gbogbo òkúta. Ní tesla 7 ni tèmi ṣí kúrò lójú ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi ń wọn afẹ́fẹ́. Fi irin bàbà pẹlẹbẹ há a, má sì há a le jù.

Bó o bá ń ti Ìlú Ọba bọ̀ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, bèèrè físà ọjọ́ tó pọ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni ìgbìmọ̀ tó ń pín òòfà fún mi, àwọn òṣìṣẹ́ físà sì fún mi ní mẹ́fà, kò lé kan. Lọ́jọ́ kejì òòfà náà quench (ó gbóná lójijì, agbára rẹ̀ sì bọ́), ó gba ọjọ́ méjì kó tó tutù padà. Mo fi lẹ́tà ilé ìwé bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Wọn ò tilẹ̀ fèsì. Bí ìyẹn bá sì ṣẹlẹ̀ níṣojú rẹ, jáde kúrò ní yàrá kíákíá, má dúró wo kọ̀ǹpútà, torí hílíọ́ọ̀mù tó ń tú jáde ń lé ọ́síjìn.

Ìbéèrè rẹ wàyí: Voigt ni, bí òòfà náà bá ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní Faraday, òòfà á máa yí ìdúró ìgbì ìmọ́lẹ̀, ohun tó jẹ́ ti ìlà a á máa dà mọ́ ti ìlà b (a, b àti c ni ìlà ìhà mẹ́ta inú òkúta). Darí òòfà sí ìlà c, jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rin ìlà b, kí agbára iná rẹ̀ dúró sí a. Tesla 10 tó láti tú ìyípo tí àwọn spin òkúta náà to ara wọn sí ká níbẹ̀, electromagnon tòótọ́ sì gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ká ní BiFeO3 ni, òkúta mìíràn tí spin rẹ̀ náà to bí ìyípo, kò ní tó, torí tirẹ̀ kì í tú àfi ní nǹkan bíi tesla 18 sókè, irú èyí tó wà ní Nijmegen ní Netherlands lo máa nílò. Nílé níbí, láìlo òòfà rárá, gé òkúta kejì kí agbára iná ṣì wà ní a ṣùgbọ́n kí agbára òòfà inú ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí b dípò c. Bí ibi tí ò ń rí bá dúró gbọn-in nínú méjèèjì, agbára iná ló ń dá lóhùn, kì í ṣe agbára òòfà.

Wọn ìdìmú òfìfo ní tesla 0, 2 àti 5 lọ́sẹ̀ yìí, kí o fi spectrum wọn ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú nínípọn òkúta àti ti fèrèsé. Màá ṣírò gbohùngbohùn wọn fún ọ lálẹ́ ọjọ́ náà.