Ìwádìí lórí ìròyìn ayélujára nígbà tí ọmọ kékeré wà lọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú iṣẹ́ ìwé. Ohun tí ẹ béèrè ni pé bóyá ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì lè ṣe dígírì kejì lórí bí iṣẹ́ ìròyìn ṣe ń yí padà, àti bí yóò ṣe pín àkókò rẹ̀. Ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má fi pípín àkókò bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn dáadáa, kí àìsàn ọmọ fún ọ̀sẹ̀ kan má baà da gbogbo iṣẹ́ rú.

Ìròyìn ayélujára kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àkọlé tí wọ́n gbé jáde láàárọ̀ lè yí padà kó tó di ọ̀sán, ìròyìn odindi sì lè pòórá. Irinṣẹ́ tí a fi ń kó o jọ náà kò dúró sójú kan: ní 2023 ni Twitter fòpin sí àǹfààní ọ̀fẹ́ tí àwọn olùwádìí fi ń kó ọ̀rọ̀ orí rẹ̀, ní oṣù kẹjọ 2024 ni Meta, tó ni Facebook àti Instagram, sì ti CrowdTangle pa, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tọpa ọ̀rọ̀ tó ń tàn ká lórí wọn. Ní Kánádà, láti oṣù kẹjọ 2023 ni Meta ti dí ìròyìn lọ́nà lórí Facebook àti Instagram, nítorí òfin tó fẹ́ kí wọ́n máa sanwó fún àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn. Tí ẹ bá gbé àpilẹ̀kọ yín ka ohun tí ẹ ní láti máa ṣọ́ lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ibà bá mú ọmọ ni iṣẹ́ máa já.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún òbí pé kó yan àkókò tó ti kọjá, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin: bí àpẹẹrẹ, oṣù mẹ́fà, iléeṣẹ́ ìròyìn méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ kí ẹ tó ka ẹyọ kan. Ẹ fi Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú ìwé ìwádìí, gba ojú ìwé náà sílẹ̀, kí ẹ sì tún fi í sínú Wayback Machine, ibi ìpamọ́ ojú ìwé ayélujára ti Internet Archive, níbi tí wọ́n kọ Save Page Now sí, kí ìjápọ̀ tó ní déètì wà tí àwọn olùyẹ̀wò lè ṣí. Wayback kì í sábà gba fídíò tàbí ọ̀rọ̀ ìdásí àwọn òǹkàwé, kò sì lè kọjá ibi tí wọ́n bá ti ní kéèyàn sanwó, nítorí náà ẹ ṣe PDF irú wọn. Ẹ fi ọjọ́ àti aago bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì, bíi 2025-03-14_0830, kí wọ́n lè to ara wọn. Ibi méjì ni kí ẹ tọ́jú wọn sí.

Ẹ má ka gbogbo ọjọ́. Ọ̀nà tó bá yín mu ni kí ẹ to ọ̀sẹ̀ jọ: ẹ to gbogbo ọjọ́ Ajé inú àkókò náà, kí ẹ ṣẹ́ kèké mú ọ̀kan, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, títí dé ọjọ́ Àìkú. Ọ̀sẹ̀ kan tó tẹ̀ léra kò dára, torí ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá kan lè gbà á mọ́ ìròyìn yòókù lọ́wọ́. Fún ìwé ìròyìn ojoojúmọ́, irú ọ̀sẹ̀ àtòjọ méjì, ìyẹn ọjọ́ 14, ti tó láti ṣojú ọdún kan. Ìròyìn ayélujára ń fò sókè-sódò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sí i. Ẹ fẹnu kò sí iye náà pẹ̀lú alábòójútó yín ṣáájú.

Ní ti àkókò, ẹ wo bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe lè gba ìdíwọ́ tó. Gbígba ojú ìwé sílẹ̀, títún orúkọ fáìlì ṣe, yíyẹ déètì wò: ìwọ̀nyí kò bàjẹ́ bí ọmọ bá pè yín nígbà mẹ́wàá. Fífi àmì sí ìròyìn ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ń fẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 tó dákẹ́. Kíkọ orí àpilẹ̀kọ àti kíka tíọ́rì ń fẹ́ wákàtí méjì ó kéré tán, ìgbà tí ọmọ bá wà ní jẹ́lé-ó-sinmi tàbí lọ́wọ́ ẹlòmíràn nìkan ni kí ẹ fi wọ́n sí. Ẹ má gbé wọn lé oorun ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi oorun ọ̀sán sílẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ó sì lè bọ́ sí àárín ẹ̀kọ́ yín gan-an.

N kò fara mọ́ ìmọ̀ràn pé kí òbí máa fi òru ṣe iṣẹ́ fífi àmì sí ìròyìn. Ojú tó kún fún oorun a máa yí ìtumọ̀ ìsọ̀rí padà láìmọ̀: ohun tí ẹ pè ní èrò ara ẹni lánàá, ẹ ó pè é ní àlàyé lónìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣe láì wo ti àtẹ̀yìnwá, kí ẹ fi wọ́n wéra. Èyí kò dípò ẹnì kejì tó yẹ kó fi àmì sí díẹ̀ nínú ìròyìn kan náà o. Lórí òdiwọ̀n alpha ti Krippendorff, tó ń fi hàn bí àmì àwọn méjèèjì ṣe bára mu tó, 0.80 sókè ló dára, 0.667 sí 0.80, ẹ rọra fi sọ̀rọ̀. Bó bá wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má lò ó. Ohun tó sábà ń fà á ni ìsọ̀rí méjì tó jọra jù. Ẹ pa wọ́n pọ̀, tàbí kí ẹ kọ ààlà wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá àwọn akọ̀ròyìn lẹ́nu wò, ẹ gba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìròyìn tó bá já lójijì lè mú kí wọ́n sún àdéhùn síwájú, nítorí náà, ẹ wá ẹni tí yóò bá yín mú ọmọ fún ọjọ́ méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Ohùn wákàtí kan ń gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti fọwọ́ tẹ̀, ìyẹn ni pé ènìyàn mẹ́jọ lè jẹ wákàtí 32 sí 48. Whisper, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ, lè bá yín kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà yín láì fi ohùn náà ránṣẹ́ síbòmíràn, àmọ́ ó máa ń ṣi orúkọ gbọ́, ó sì lè kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ síbi tí ohùn bá ti dákẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò dọ́gba nínú gbogbo èdè. Ẹ tún un gbọ́ látòkèdélẹ̀.

Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni kí ẹ béèrè bóyá ẹ lè kà á ní ìlàjì àkókò, bóyá ìsinmi tí ẹ bá gbà ń dá kíka ọdún dúró, àti bóyá owó ìrànwọ́ ń dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ gba ìdáhùn ní kíkọ.

Ọ̀rọ̀ fídíò ló kù. Ọmọ kékeré lè rò pé ìjàǹbá náà tún ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un gbé jáde. Ẹ wo fídíò ìjà àti ìjàǹbá nígbà tí ọmọ kò sí nílé nìkan. Fífi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí etí yín kò tó, torí ojú ọmọ ń rí i. Ẹ pa ìkìlọ̀ ìròyìn lórí fóònù. Àkọlé àti ọ̀rọ̀ kíkọ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí tí ẹ jọ wà pọ̀.