Oakleaf hydrangea tí kì í tanná, tí ewé rẹ̀ kì í sì í pọ́n

Ìbéèrè: Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé. Ọdún kẹta rèé tí mo gbin oakleaf hydrangea, igi òdòdó kékeré kan, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Lóṣù kejì ọdọọdún ni mo máa ń gé e kúrú kó lè rúwé tuntun. Ewé rẹ̀ pọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò tanná rí, ewé náà kì í sì í pọ́n nígbà ìwọ́wé. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Gígé yẹn ló ń pa òdòdó rẹ̀. Ara ẹ̀ka tó hù lọ́dún tó kọjá ni igi yìí ti ń tanná. Bí ìgbà ooru bá ti ń parí lọ ló ń rudi sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀, ìrudi náà á sì wà lórí ẹ̀ka jálẹ̀ ìgbà òtútù. Tẹ́ ẹ bá gé e lóṣù kejì, òdòdó ọdún náà lẹ gé dànù. Ẹ má mú àlùmọ́gàjí súnmọ́ ọn lọ́dún yìí. Gbàrà tó bá tanná tán, kí oṣù keje tó parí, ẹ lè gé ẹ̀ka tó gùn jù. Ẹ̀ka gbígbẹ nìkan ni kò ní àkókò.

Ti ewé, ibòji ló fà á. Oòrùn ni ewé fi ń ṣe ṣúgà, inú ṣúgà náà ni àwọ̀ pupa ti ń jáde. Ó nílò oòrùn àárọ̀ bíi wákàtí 4, kí ibòji bò ó lọ́sàn-án, torí oòrùn ọ̀sán Georgia lè jó etí ewé rẹ̀.

Ẹ ṣí i kúrò níbẹ̀ nígbà tí ewé bá ti wọ́ tán, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Igi ìbílẹ̀ agbègbè yín ni. Alabama tó múlé ti Georgia ti sọ ọ́ di òdòdó igbó ìpínlẹ̀ wọn láti 1999. Nínú igbó, abẹ́ igi ńlá lórí ilẹ̀ tó da gẹ̀rẹ́ ló fẹ́ràn, níbi tí omi kì í dúró. Amọ̀ pupa yín sì máa ń gba omi dúró. Nítorí náà, ẹ gbẹ́ ihò, ẹ rọ omi kún un. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ kó ilẹ̀ jọ bí ebè kẹ́ ẹ gbìn ín sórí rẹ̀. Kí ihò fẹ̀ tó ìlọ́po méjì gbòǹgbò, kó má jìn jù ú lọ. Ẹ fi èèpo igi bo ìdí rẹ̀ ní íǹṣì 3, kó má kan ẹ̀ka. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8 sílẹ̀ fún un láti fẹ̀.

Ẹ máa bomi rin ín lọ́dún àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ti ìka bọ ilẹ̀. Bí ewé bá rọ tí ilẹ̀ sì tutù, gbòǹgbò ló ń rà, omi sí i ló máa pa á.