Èsì: Ìwé ìtàn àròsọ tí ẹ̀dá inú rẹ̀ ń di alààyè
Ẹ kú ìbéèrè o. Bó bá jẹ́ ìtàn tí ẹ̀dá inú ìwé ti ń di èèyàn gidi lẹ ń wá, Niebla ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Miguel de Unamuno, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 1914. Augusto Pérez, ẹ̀dá inú ìwé náà, fẹ́ para rẹ̀, ló bá lọ bá òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ní ìlú Salamanca. Unamuno ní kò lè para rẹ̀, nítorí kò fìgbà kan wà láyé. Nígbà tó yá, Unamuno ní òun fúnra òun máa pa á. Bí Augusto ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ nìyẹn pé òun fẹ́ wà láàyè! Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ò wọlé, ó ní òǹkọ̀wé náà á kú, àtàwọn tó ń ka ìtàn náà. Ibẹ̀ yẹn gbá mi láyà, ìwọ òǹkàwé gan-an ló ń bá wí.

Fún ọmọdé, ẹ wá Inkheart ti Cornelia Funke, ará Jámánì: bàbá kan kàwé sókè, ọ̀daràn jáde, ìyàwó bàbá náà sì wọnú ìwé lọ.

At Swim-Two-Birds ti Flann O'Brien (1939) ṣòro kà díẹ̀, àmọ́ ó dùn: àwọn ẹ̀dá ìtàn ń fún òǹkọ̀wé wọn lóògùn oorun kí wọ́n lè ráyè ṣe tiwọn.