Ṣé bẹ́sìkẹ̀ lè rọ́pò ẹran nínú oúnjẹ alẹ́ àwọn ọmọ?

Ó lè rọ́pò ẹ̀ o, kò sí wàhálà. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe é, pùròtéènì inú sóyà gbígbẹ sì tó nǹkan bíi gíráàmù 36 nínú gíráàmù 100, kì í ṣe kékeré rárá. Èmi máa ń gé e wẹ́wẹ́, mo máa dín in díẹ̀ kí n tó jù ú sínú ọbẹ̀ ata tàbí ẹ̀fọ́ rírò, á fa ata yẹn mu dáadáa, àwọn ọmọ ò sì ní máa bèèrè pé ẹran dà. Tí eyín ọmọ ò bá tíì pé, ẹ rún un fún un.

Ibi tó ti yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra ni fítámì B12, kò sí nínú sóyà, torí náà tí ilé yín ò bá jẹ ẹran àti ẹja mọ́ rárá, ẹ máa fún wọn ní ẹyin àti mílíìkì, tí wọn ò bá jẹ ìyẹn náà, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn B12. Àwọn bọ́gà aláìlẹ́ran inú fírísà súpámákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ka ara páálí. Ọmọ tí ò jẹ sóyà rí, díẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún un, torí ara àwọn ọmọ kan kì í gbà á.