Ṣé mo lè lo adápítọ̀ àtijọ́ tó bá kọ̀ǹpútà Commodore 64 wá?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì so ó mọ́ná o. Commodore 64 tó jáde ní 1982 yẹn lágbára, àmọ́ adápítọ̀ ẹ̀ ló máa ń pa á, fóltì 5 DC ló yẹ kó máa gbé lọ fún àwọn chip inú ẹ̀, tí regulator ẹ̀, ìyẹn èyí tó ń mú kí fóltì dúró sójú kan, bá wá gbó, fóltì yẹn á gòkè á sì jó RAM, ìyẹn àwọn chip ìrántí kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n da resin, ìyẹn oje tó ti le gbagidi, bo inú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ooru ò ríbi gbà jáde, títún un ṣe sì nira gan-an. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà tó ń wọn fóltì wò ó, tó bá ti kọjá 5.2 ẹ gbé e jù nù. Èmi ò ní fọkàn tán an kódà tó bá ka 5 géérégé, torí ó lè yí padà lójijì, ẹ kúkú ra tuntun tí wọ́n ń ṣe fún un báyìí.