Ọdún mélòó ni Vin Scully fi ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fún Dodgers?

Ọdún 67 ni Vin Scully fi ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fún Dodgers, ẹgbẹ́ baseball ní Amẹ́ríkà, láti 1950 sí 2016. Kò sẹ́ni tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Ọmọ ọdún 22 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, Brooklyn ní New York ni ẹgbẹ́ náà sì wà nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Los Angeles ní 1958, ó bá wọn lọ. Pápá Coliseum tí wọ́n kọ́kọ́ lò níbẹ̀ tóbi débi pé ẹni tó bá jókòó lókèèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ rí eré. Ni àwọn òǹwòran bá ń gbé rédíò kékeré wá, wọ́n ń gbọ́ Scully nínú pápá gan-an.

Òun nìkan ló sábà máa ń dá sọ̀rọ̀, àmọ́ ó mọ ìgbà tó yẹ kó panu mọ́. Lọ́jọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1974, tí Hank Aaron, òṣèré baseball, gbá home run (kéèyàn gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà pápá) rẹ̀ kẹ 715, tó fi kọjá iye tí Babe Ruth tó wà ṣáájú rẹ̀ gbá, Scully dákẹ́, ó jẹ́ kí ariwo èrò gbalẹ̀ kó tó tún lanu.

Ti Dodgers nìkan ni 67 yẹn o. Ó ṣiṣẹ́ fún CBS àti NBC, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, náà. Láwọn ọdún tó kẹ́yìn, kì í bá ẹgbẹ́ náà lọ sí gbogbo ìrìn àjò mọ́. Ó kú ní 2022, lẹ́ni ọdún 94.